Màmá mi ò fẹ́ lọ ilé ìtọ́jú: ta ló ti bá ẹgbẹ́ aláàánú àdúgbò da nǹkan pọ̀ rí ní London?

Àbẹ̀kẹ́_Thamesmead
Ọjọ́ Ajé, 6:52 àárọ̀

Ẹ kú òwúrọ̀ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé ni, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi ò bá tò.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu màmá mi nígbà òtútù tó kọjá. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, Peckham ni wọ́n ń gbé láti 1989, nínú fúláàtì káńsù. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ tiwọn mọ́. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi tajà ní Rye Lane ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ti fò lọ. Yorùbá ló kù, òun náà ń wá díẹ̀díẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń bá wọn gbé, iṣẹ́ kó-ẹrù-lọ-kó-ẹrù-bọ̀ ló ń ṣe. Èmi ní ọmọ méjì, bọ́ọ̀sì méjì ni mo sì ń wọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní ọsibítù, sósà wọ́kà sọ fún èmi àti àbúrò mi pé ilé ìtọ́jú arúgbó ló máa dáa jù. Màmá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wa níbẹ̀, ẹnì kan ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Nígbà tí mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wọn, wọ́n ní, "Ilé mi ńkọ́?" Wọ́n ò sọ nǹkan míì mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá fún mi ní káàdì ẹgbẹ́ aláàánú kan ládùúgbò Màmá. Ó ní iṣẹ́ wọn ni láti ran àwọn akanda ẹ̀dá àti àwọn tó ń tọ́jú wọn lọ́wọ́, kí oníkálùkù lè máa gbé ilé ara rẹ̀. Ìbéèrè mi nìyí: ṣé káńsù ló ni wọ́n? Ṣé wọn ò ní lọ kọ ìwé sí káńsù pé a ò lè tọ́jú ìyá wa? Ṣé wọ́n ń gba owó? Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe gan-an, torí ẹlòmíì sọ fún mi pé fọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ. Kí n sọ òótọ́, ó tún ń tì mí lójú láti wọ ibi tí wọ́n kọ "aláàánú" sí.

---

Bàbá_Ìjẹ̀bú
Ọjọ́ Ajé, 7:30 àárọ̀

Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Olúwa á wo Màmá sàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó wà nílẹ̀. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìyá tó bí ọmọ méjì ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń gbé káàdì ẹgbẹ́ aláàánú kiri nítorí rẹ̀. Ẹ gbé wọn wá sí ilé yín ní Thamesmead, tàbí kí àbúrò yín fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gbé wọn lọ ilé. Owó tí ẹ máa ná lórí ọmọ ọ̀dọ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ò tó owó bọ́ọ̀sì yín níbí.

---

Gbénga_Leeds
Ọjọ́ Ajé, 9:05 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀: àbúrò tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ta ló máa sanwó iná? Iṣẹ́ kéà ni mò ń ṣe, mo ti rí àwọn ọmọ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ẹ̀yìn àwọn náà fi ń dùn wọ́n, tí wọ́n sì ń jágbe mọ́ ìyá tí wọ́n fẹ́ràn.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ bi ọsibítù bóyá wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí Màmá gba ìtọ́jú ìmúpadàbọ̀sípò nílé. Ọ̀fẹ́ ni, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 6. Físíò àti àwọn kéà á máa wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dìde, bí wọ́n ṣe máa wọṣọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú dè yín mọ́lẹ̀ kí ìyẹn tó parí, torí ìgbà náà la tó máa mọ ohun tí Màmá lè ṣe àti ohun tí wọn ò lè ṣe.

---

Àǹtí_Fọ́ọ̀mù
Ọjọ́ Ajé, 12:48 ọ̀sán

Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mò ń bá ṣiṣẹ́, kì í ṣe ti àdúgbò Màmá yín. Orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí fi hàn pé ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù fún yín ò purọ́ tán.

Káńsù kọ́ ló ni wa. Káńsù máa ń fún wa lówó lórí iṣẹ́ kan tàbí òmíràn, ibòmíràn la ti ń rí ìyókù. Ohun tí ẹ bá sọ fún wa, ọ̀dọ̀ wa ló ń wà, àyàfi bí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu. Ìmọ̀ràn wa ò gba kọ́bọ̀. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí a lè gba owó díẹ̀ lé, bíi kí a máa ṣírò owó oṣù fún ẹni tí ẹ bá gbà síṣẹ́, owó ìyẹn náà sì lè wọ inú ohun tí káńsù ń san.

Ẹ wo ohun tí mo bá ṣe bí mo bá wà níbẹ̀ lọ́la.

Màmá gbọ́dọ̀ ní àyẹ̀wò àìní lábẹ́ òfin Care Act ti 2014. Káńsù ò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́ fún ẹni tó bá jọ pé ó nílò ìrànlọ́wọ́, ẹ̀yin àti àbúrò yín náà sì lẹ́tọ̀ọ́ sí àyẹ̀wò tiyín gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ní kí wọ́n mú ògbufọ̀ Yorùbá wá. Ẹ má ṣe é fúnra yín, torí ọmọ kì í túmọ̀ gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ bá sọ, pàápàá tí ọ̀rọ̀ náà bá kan òun alára. Bí ó bá ṣòro fún Màmá láti tẹ̀lé ìjíròrò náà, tí kò sì sí ẹni tó yẹ tó lè dúró tì wọ́n, káńsù gbọ́dọ̀ wá agbẹnusọ tó dá dúró fún wọn.

Ọ̀rọ̀ owó: ẹni tó ti kọjá ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì ni Màmá, nítorí náà Attendance Allowance ni tiwọn, owó ìrànwọ́ fún àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú, kì í ṣe PIP, tó wà fún àwọn tí kò tíì dé ọjọ́ orí yẹn. Ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025, £73.90 tàbí £110.40 lọ́sẹ̀ ni. Wọn kì í wo iye tó wà ní báńkì kí wọ́n tó san án. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti nílò ìrànlọ́wọ́ fún oṣù 6, ẹ ṣírò rẹ̀ láti ọjọ́ tí àrùn náà kọ lù wọ́n. Tí Màmá bá ń gba ìyẹn, ọ̀kan nínú yín tó bá ń tọ́jú wọn fún wákàtí 35 lọ́sẹ̀ lè béèrè Carer's Allowance, owó olùtọ́jú, tó jẹ́ £83.30 lọ́sẹ̀ ní ọdún yẹn. Ibí yìí ni kí ẹ ti la ojú yín: bí owó iṣẹ́ yín lẹ́yìn owó orí bá fi £1 péré kọjá òdiwọ̀n, tó jẹ́ £196 lọ́sẹ̀ ní ọdún yẹn, gbogbo owó náà ló máa lọ. Wọn kì í yọ díẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ àwọn tó ṣe wákàtí àfikún nígbà Kérésì, tí ìwé gbèsè wá dé bá wọn lẹ́yìn náà.

Ohun tó ń tì yín lójú yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn tó ń wọlé wá bá wa, àwọn olùkọ́, àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì, pásítọ̀ kan wà nínú wọn.

---

TáyàMẹ́rin
Ọjọ́ Ajé, 8:17 alẹ́

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Bàbá ti sọ ibi tí wọ́n máa gbé Màmá sí, Gbénga ti sọ ohun tí wọ́n máa fún Màmá, Àǹtí wa ti ṣírò owó Màmá. Màmá nìkan ni kò tíì sọ̀rọ̀ níbí, yàtọ̀ sí "Ilé mi ńkọ́?" Lójú tèmi, èsì ti wà nínú ìyẹn.

Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú ẹsẹ̀ mi ní Abẹ́òkúta kí n tó mọ̀ ọ́n rìn, orí kẹ̀kẹ́ ni mo wà títí dòní. Mo mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n máa bi ẹni tó ń tì ọ́ pé, "Ṣé á jẹun?" Òfin Mental Capacity Act ti 2005 sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbà pé àgbàlagbà lè pinnu ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, títí wọ́n á fi fi ẹ̀rí hàn pé kò lè ṣe é. Ó tún sọ pé bí ìpinnu ẹnì kan bá jọ ti òmùgọ̀ lójú ẹlòmíì, ìyẹn nìkan ò tó láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Pé Gẹ̀ẹ́sì lọ kò túmọ̀ sí pé ọpọlọ lọ. Ẹ fi èyí sọ́wọ́ fún sósà wọ́kà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kékeré, torí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìjọba ló ronú kan direct payment fúnra rẹ̀, ìyẹn owó ìtọ́jú tí káńsù ń fi lé ènìyàn lọ́wọ́ kí ó fi gba olùrànlọ́wọ́ tirẹ̀. Ilé kan wà ní Hampshire tí wọ́n ń pè ní Le Court, ilé àkọ́kọ́ tí Leonard Cheshire dá sílẹ̀ fún àwọn akanda ẹ̀dá lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Paul Hunt, tó ti gbé ibẹ̀ rí, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Guardian ní 1972 pé kí àwọn tí wọ́n tì mọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ para pọ̀. Nígbà tó yá, John Evans àti àwọn mélòó kan tó ṣì wà ní Le Court dá ohun tí wọ́n pè ní Project 81 sílẹ̀. Wọ́n bá àwọn aláṣẹ tó ń sanwó ilé náà fún wọn sọ ọ́: owó tí ẹ ń san fún ilé yìí lórí wa, ẹ fún wa, a ó lọ gba ilé tiwa, a ó sì gba olùrànlọ́wọ́ tí ó wù wá. Wọ́n jà á títí wọ́n fi jáde. Òfin wá dé ní 1996 tó gba gbogbo káńsù láàyè láti fi owó náà lé ènìyàn lọ́wọ́, ọdún 1997 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Wọn ò kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni tó ti pé ọdún 65 wọ inú rẹ̀. Ọdún 2000 ni wọ́n tó ṣí i fún irú àwọn Màmá. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò tí ẹ ń rí wọ̀nyí, láti inú ìjà yẹn ni wọ́n ti ṣẹ̀, àwọn akanda ẹ̀dá fúnra wọn ló sì ń darí àwọn kan nínú wọn. Ẹ wo orúkọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ wọn, ẹ bi wọ́n mélòó ló ń lo kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀pá níbẹ̀. Bí wọn ò bá ní ẹnì kankan, èmi ò ní kọ́kọ́ lọ ibẹ̀.

---

Bàbá_Ìjẹ̀bú
Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

TáyàMẹ́rin, o sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ò tíì dá mi lóhùn lórí ohun kan: ta ló máa wẹ ìyá onílé? Ẹ fẹ́ kí àjèjì tí a ò mọ̀ rí, ọkùnrin nígbà míì, wọlé wá bọ́ aṣọ lára ìyá àgbà. Èyí ò yé mi.

---

Ìyá_Tọ́pẹ́
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:22 àárọ̀

Bàbá, ìbéèrè yín dáa, torí ẹ̀ ni mo fi fẹ́ràn direct payment ju kéà tí káńsù ń rán wá lọ.

Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 19, ní àrùn tí kì í jẹ́ kí iṣan gbọ́ràn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kéà ń rán ènìyàn wá, ojú tuntun la máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà, ìdajì wákàtí, wọ́n ti ń wo aago. Ẹgbẹ́ àdúgbò wa ló kọ́ mi pé kí a gba owó náà sọ́wọ́. Ó ń wọ inú àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí wọ́n ṣí fún un. Tọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ ló yan ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin Ìbàdàn kan tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù bíi tirẹ̀. Màmá Àbẹ̀kẹ́ lè sọ pé obìnrin ni òun fẹ́, Yorùbá, ẹni tó ti bímọ. Òfin gbà wọ́n láàyè láti béèrè obìnrin fún irú iṣẹ́ ìwẹ̀ àti ìmúra bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ "ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa" sínú ìpolówó. Ìyẹn lohun tí iṣẹ́ náà nílò.

Ẹ fetí sí àwọn nǹkan yìí o. Tí ẹ bá gba ènìyàn síṣẹ́, agbanisíṣẹ́ ni Màmá. Ìwé àdéhùn, owó ìsinmi (ọ̀sẹ̀ 5.6 lọ́dún), ìwé owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì nígbà míì, inṣọ́ránsì agbanisíṣẹ́. Káńsù gbọ́dọ̀ ṣírò gbogbo rẹ̀ mọ́ owó tó ń fún yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní owó wákàtí lásán. Ẹ yẹ ìwé àṣẹ iṣẹ́ ẹni náà wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kódà bó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yín. Owó ìtanràn fún ẹni tó gba aláìníwèé síṣẹ́ lè tó £45,000 lórí ẹnì kan, ní ìgbà àkọ́kọ́.

Àbúrò tó ń gbé pẹ̀lú Màmá, káńsù kì í sábà gbà kí wọ́n fi direct payment san owó fún un, torí inú ilé kan náà ni wọ́n wà. Àbẹ̀kẹ́ tó ń gbé ibòmíràn, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ni wọ́n máa kà á sí, ẹ rántí òdiwọ̀n tí Àǹtí sọ.

N ò ní pọ́n ẹgbẹ́ kankan ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pè wọ́n, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ wa fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí owó iṣẹ́ náà tán, a tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ kọ orúkọ ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ìwé.

---

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Coventry
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n ya lọ́nà díẹ̀. Físà iṣẹ́ la fi wà níbí, wọ́n kọ "no recourse to public funds" sí i, pé a ò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ọkọ mi ní jàǹbá mọ́tò, ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Ṣé a lè wọ irú ibẹ̀, àbí wọ́n á fi orúkọ wa ránṣẹ́ sí Home Office, àwọn tó ń fúnni ní físà?

---

Àǹtí_Fọ́ọ̀mù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:33 ìrọ̀lẹ́

Pẹ̀lẹ́, Ọmọ Ọ̀yọ́. Ẹ má béèrè PIP, Carer's Allowance àti Attendance Allowance, torí wọ́n wà lára ohun tí físà yín kọ̀. Àmọ́ àyẹ̀wò àti ìtọ́jú lábẹ́ Care Act kò sí lára "public funds". Ẹni tó wà níbí pẹ̀lú ìwé tó pé lè béèrè rẹ̀. Ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ aláàánú kò sí lára rẹ̀ náà. A kì í fi orúkọ ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí Home Office nítorí pé ó wá gba ìmọ̀ràn. Kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù owó èyíkéyìí, ẹ fi han agbẹjọ́rò tó mọ ọ̀rọ̀ físà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ oṣù tí ẹ sì ń tọ́jú ènìyàn nílé: láti oṣù Kẹrin 2024, òfin fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún láti fi tọ́jú ẹni yín, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ wọṣẹ́. Wọn ò ní san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè lé yín nítorí rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, ẹ lè lò ó fún ọjọ́ àyẹ̀wò.

---

ỌmọBódìjà
Ọjọ́rú, 7:58 àárọ̀

Mò ń ka èyí láti Ìbàdàn, ojú ń kán mi. Bàbá mi náà rọ lápá kan. £110 lọ́sẹ̀, níbí ńkọ́? Bàbá Ìjẹ̀bú ní kí ẹ gbé Màmá wá sílé, ta ló máa tọ́jú wọn níbi tí iná ò sí láti fi bá físíò lò?

---

TáyàMẹ́rin
Ọjọ́rú, 9:10 àárọ̀

Ọmọ Bódìjà, òótọ́ ọ̀rọ̀. Òfin ti wà nílé náà. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011, ọ́fíìsì rẹ̀ ni LASODA. Ti gbogbo orílẹ̀-èdè, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní 2019. Wọ́n fún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣe ibi tí kẹ̀kẹ́ lè gbà, ó parí ní oṣù Kìíní 2024. Mo lọ ilé lẹ́yìn ìyẹn. Báńkì tí mo fẹ́ wọ̀, ọmọkùnrin méjì ló gbé mi gun àtẹ̀gùn rẹ̀, sẹkúríítì sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bí ẹni pé ẹrù ni wọ́n bá a gbé. Owó ọ̀sẹ̀ ò sí, ó kù sọ́wọ́ ẹbí àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Ẹ wá ẹ̀ka JONAPWD tó wà ní Ọ̀yọ́, ẹgbẹ́ àwọn akanda ẹ̀dá fúnra wọn ni. Ẹ bi ẹ̀ka físíò ní UCH náà pé kí ni ẹ lè máa ṣe fún Bàbá nílé láìlo iná. Ọ̀pọ̀ ìdárayá apá rírọ, àga àti ògiri ló ń lò.

---

Gbénga_Leeds
Ọjọ́rú, 11:47 alẹ́

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ṣé Màmá ń wọ ilé ìwẹ̀ tó ní ọpọ́n gíga yẹn? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí. Ohun èlò àti àtúnṣe kékeré tí kò ju £1,000 lọ, ọ̀fẹ́ ló yẹ kó jẹ́ tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé wọ́n nílò rẹ̀: irin ìdìmú, àga orí ọpọ́n. Bó bá gba kí wọ́n yọ ọpọ́n kúrò pátápátá, ẹ béèrè Disabled Facilities Grant. £30,000 ni òkè rẹ̀ ní England. Wọ́n á wo owó tó ń wọlé fún Màmá, kì í ṣe tiyín. Ó máa ń pẹ́ o, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìwé bá ti pé, káńsù ò gbọdọ̀ kọjá oṣù 6 kó tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

---

Àbẹ̀kẹ́_Thamesmead
Ọjọ́ Àbámẹ́ta (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan), 3:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ ṣeun, gbogbo yín.

A lọ. Ọ́fíìsì wọn wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, kékeré ni, ìdajì àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló ń lo kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀pá. Obìnrin tó gbà wá lálejò, apá kan lòun náà ní. Kò bá èmi sọ̀rọ̀. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ Màmá, ó pe ògbufọ̀ kan sórí fóònù, ó ní kí ó béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ máa ṣe láàárọ̀. Màmá rò ó fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa ro ẹ̀bà àwọn fúnra àwọn, torí pé ti àbúrò mi máa ń ní kókó.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, orí ẹ̀bà yẹn ni gbogbo nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. OT (òṣìṣẹ́ ìlera tó ń kọ́ ènìyàn bí á ṣe máa ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́) tó wá sílé gbé abẹ́ abọ́ kan wá, rọ́bà pẹlẹbẹ kan tí kì í yọ̀. Ẹ gbé abọ́ lé e, ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo ro ó, abọ́ náà ò ní yí tẹ̀lé ọwọ́ yín. Ó tún mú pátákó ìgé-nǹkan tó ní ìṣó sókè láàárín: Màmá á gún àlùbọ́sà mọ́ ìṣó náà, ọwọ́ òsì á sì máa gé e. Kẹ́tùlù wọn wà nínú irin kan tí wọ́n kàn ń tẹ̀ síwájú kí omi lè dà, wọn ò gbé e sókè mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ro ẹ̀bà náà, ó le bí òkúta. Àbúrò mi jẹ ẹ́, kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú: níbi àyẹ̀wò, ẹni ẹgbẹ́ náà jókòó tì wá. Nígbà tí wọ́n tún gbé e wá, ó béèrè bóyá ẹnì kan ti ṣe àyẹ̀wò pé Màmá ò lè pinnu, kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn. Kò sí ìwé. Ó dákẹ́ síbẹ̀. Mi ò rò pé èmi ì bá mọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ béèrè, bí mo tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọsibítù.

Káńsù ti gbà láti san direct payment. Wákàtí tí wọ́n fún wa kò tó iye tí a béèrè, a ti kọ lẹ́tà pé kí wọ́n tún un wò. Èmi ò béèrè Carer's Allowance, owó iṣẹ́ mi kọjá. Àbúrò mi ti dín ọjọ́ iṣẹ́ kù, òun ló máa béèrè tí Attendance Allowance bá wọlé.

Àwa kọ́ la yan ẹni tó máa ran Màmá lọ́wọ́. Obìnrin mẹ́ta ló wá. Èmi fẹ́ràn ẹnì kan, ó ti ka ìwé nọ́ọ̀sì, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Màmá bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé kí ni wọ́n máa ń ṣe tí ẹ̀kọ́ bá dì. Wọ́n mú èyí tó sọ pé òun á tú omi gbígbóná sí i, òun ò ní da nù. Ará Ìlá-Ọ̀ràngún ni, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Wọ́n ti ń bú ara wọn lórí tẹlifíṣọ̀n.

---

TáyàMẹ́rin
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀kọ́ tó dì! Mo gba Màmá. Ẹ kí wọn fún mi o.

---

Ìyá_Tọ́pẹ́
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:11 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú oríire. Ẹ wá ẹni kejì sílẹ̀ o, tí ará Ìlá bá lọ ìsinmi tàbí tó ṣàìsàn. Àwa ò ní ẹni kejì nígbà tí ti Tọ́pẹ́ lọ sin bàbá rẹ̀, ojú wa rí tó. Ẹ ní kí ẹgbẹ́ náà bá yín kọ ọ́ sínú ètò Màmá, pẹ̀lú owó rẹ̀.

---

Bàbá_Ìjẹ̀bú
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:25 alẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àbẹ̀kẹ́, o ṣe ọmọ.

Àǹtí Fọ́ọ̀mù, Attendance Allowance tí ẹ sọ yẹn, ṣé ọkùnrin ẹni ọdún 78 tí orúnkún rẹ̀ ò jẹ́ kó wọ ilé ìwẹ̀ láìsí ẹni tó dì í mú, ṣé òun náà lè béèrè? Ó ń gba owó ìfẹ̀yìntì o. Ìyàwó rẹ̀ ló ń dì í mú, ara ìyẹn náà ò sì le.

---

Àǹtí_Fọ́ọ̀mù
Ọjọ́ Àìkú, 2:14 ọ̀sán

Ó lè béèrè, sà. Owó ìfẹ̀yìntì ò dí i lọ́wọ́. Kí ó má kọ "mò ń gbìyànjú" sínú fọ́ọ̀mù, bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń kọ. Kí ó kọ ọ́ bó ṣe ń rí lọ́jọ́ tí orúnkún bá le jù: ta ló ń dì í mú, ó ń pẹ́ tó, ẹ̀ẹ̀melòó ló ń dìde lóru. Kí ó fóònù lọ́la láti gba fọ́ọ̀mù náà, torí ọjọ́ tó bá pè ni wọ́n máa kà sí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ bó bá dá a padà kí ọ̀sẹ̀ 6 tó pé. Kí ìyàwó rẹ̀ náà sì béèrè àyẹ̀wò olùtọ́jú tiwọn lọ́dọ̀ káńsù. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹni tó máa jókòó tì wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n fi àdúgbò wọn ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, màá wá ẹgbẹ́ tó sún mọ́ wọn.